Kọ́ọ̀sì ìṣirò yunifásítì lórí ayélujára: èwo ló gbọ́dọ̀ ṣáájú èwo?

Àdùkẹ́ Ìbàdàn · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ló ká mi lára tí mo fi gbé e wá síbí, nítorí mo mọ̀ pé àwọn tó ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú mi wà láàárín wa. HND ni mo ní nínú ìṣirò owó, ó sì ti di ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́ kékeré kan ní Ìbàdàn. Ní oṣù tó kọjá, yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sí mi pé àwọn á gbà mí fún oyè másítàsì nínú data science, tí n ó máa kọ́ láti ilé lórí ayélujára, àmọ́ wọ́n so ó mọ́ ohun kan: kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé, mo gbọ́dọ̀ fi hàn wọ́n pé mo ti kọ́ kákúlọ́ọ̀sì (ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà), linear algebra (ìṣirò ọ̀pọ̀ ìdọ́gba lẹ́ẹ̀kan náà) àti probability (ìṣirò ìṣeéṣe) dé ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ń kọ́ ọ dé.

Mo rò ó pé probability ló sún mọ́ iṣẹ́ mi jù, nítorí ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣeé ṣe kó san gbèsè àti ẹni tó ṣeé ṣe kó má san án ni à ń sọ lójoojúmọ́ ní ọ́fíìsì wa. Ni mo bá forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì probability ti MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tó wà lórí edX, ìkànnì ẹ̀kọ́ orí ayélujára, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 6.431x. Orí mẹ́wàá ló ní. Mẹ́rin àkọ́kọ́ wọ̀ mí lára dáadáa: owó ẹyọ tí a ń jù sókè, àti kíka oríṣiríṣi ọ̀nà tí nǹkan kan lè gbà ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo wọ orí karùn-ún, níbi tí iye kò ti jẹ́ ohun tí a lè kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́, tó wá dà bí omi tó ń ṣàn tí kò ní ojú ìpín, àmì integral (àmì kákúlọ́ọ̀sì tí a fi ń ro ohun tó ń ṣàn pọ̀) ló gba gbogbo ojú ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wo fídíò kan ṣoṣo, n kò sì rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó padà lọ ka ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí mo ti fò kọjá, mo sì rí i pé wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ ti kọ́ kákúlọ́ọ̀sì yunifásítì, ti fáríábù kan àti ti fáríábù púpọ̀ (fáríábù ni lẹ́tà bíi x tó dúró fún iye tó lè yí padà).

C5 ni mo ní nínú ìṣirò ní WAEC ọdún 2011, n kò sì ṣe Further Maths. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé oṣù mẹ́sàn-án tó fún ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé ní aago méje alẹ́? Ìwé ẹ̀rí wo sì ni irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú · Ọjọ́ Ajé, 8:52 alẹ́

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ má jẹ́ kí ó dà yín láàmú. Ẹ lọ sórí Khan Academy, ìkànnì ẹ̀kọ́ kan, ọ̀fẹ́ ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí kákúlọ́ọ̀sì gan-an, ẹ fi àwọn kọ́ọ̀sì MIT sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Tí ẹ bá ti parí, ẹ fi ìwé ẹ̀rí kọ́ọ̀sì orí ayélujára èyíkéyìí ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á gbà á. Ẹ kàn má gbìyànjú NOUN (National Open University of Nigeria) o, nítorí ẹ ó tún kọ́kọ́ jókòó ṣe JAMB.

Olùkọ́ Abẹ́òkúta · Ọjọ́ Ajé, 10:37 alẹ́

Àbúrò mi Àdùkẹ́, o kú ìgbìyànjú. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga oníṣẹ́-ọwọ́, mo sì fẹ́ kí o gba ohun tí mo fẹ́ sọ yìí gbọ́: kì í ṣe kákúlọ́ọ̀sì ló máa ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣubú nínú kákúlọ́ọ̀sì. Áljẹ́bírà tí wọ́n ti gbàgbé ni.

Jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn ọ́, tó wà nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ pàá nínú kọ́ọ̀sì 18.01 tí David Jerison kọ́ ní MIT, tí wọ́n gbé sórí OpenCourseWare, ìkànnì ọ̀fẹ́ MIT, fún gbogbo ayé. A ní 1/x, a sì fẹ́ mọ bó ṣe ń yí padà bí x bá sún díẹ̀, ká pe díẹ̀ yẹn ní h. A ó kọ 1/(x+h), a ó yọ 1/x kúrò nínú rẹ̀, a ó sì fi h pín ohun tó bá kù. Kí a tó lè yọ ìdá kan kúrò nínú ìdá kejì, a gbọ́dọ̀ wá ìsàlẹ̀ kan náà fún àwọn méjèèjì, èyí tí í ṣe x(x+h). Òkè rẹ̀ á wá jẹ́ x − (x+h), tó já sí −h. h tó wà lókè àti h tí a fi ń pín á pa ara wọn rẹ́, yóò ku −1 lórí x(x+h). Ibí yìí nìkan ni kákúlọ́ọ̀sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà: a ó jẹ́ kí h máa kéré sí i títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, èsì rẹ̀ á sì jẹ́ −1/x². Ka ìgbésẹ̀ náà padà, o ó rí i pé gbogbo iṣẹ́ tó ṣáájú ìlà ìkẹyìn jẹ́ ìdá tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ JSS. Ẹni tí ìsàlẹ̀ kan náà kò bá yá lọ́wọ́ á sọ fún ọ pé kákúlọ́ọ̀sì ló le.

Nítorí náà, n kò fara mọ́ ohun tí Ọmọ Ìjẹ̀bú sọ pé kí o bẹ́ sórí kákúlọ́ọ̀sì gan-an. Khan Academy dára, ibi tí ó ní kí o ti wọlé nínú rẹ̀ ni kò tọ́. Fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣe áljẹ́bírà, ìdá, agbára, lọ́gàrítíìmù àti trigonometry. Lẹ́yìn náà ni 18.01, tí í ṣe kákúlọ́ọ̀sì fáríábù kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 18.02, ti fáríábù púpọ̀, lẹ́yìn 18.02 ni 18.06, tí í ṣe linear algebra, nítorí MIT fúnra wọn ló fi 18.02 ṣe ẹ̀kọ́ aṣáájú fún un. Ìgbà náà ni kí o tó padà sí probability. Oṣù mẹ́sàn-án á há fún un.

Kí o tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, mú ìwé àti bírò, fi ogún ìṣẹ́jú dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí láìlo kákúlétọ̀, kí o sì mú ìdáhùn rẹ wá síbí bó ti wù kó rí. Èkíní: kọ √x tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú x³ gẹ́gẹ́ bí agbára x kan ṣoṣo. Èkejì: sọ (x² − 9)/(x − 3) di kékeré, kí o sì sọ iye tí x kò gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ̀kẹta: wá x, bí log₂x + log₂(x − 2) bá jẹ́ 3.

Àrẹ̀mú Èkó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yín lórí áljẹ́bírà kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta kò yín lórí ipò tí ẹ fi linear algebra sí. Òótọ́ ni pé MIT kọ ọ́ pé kákúlọ́ọ̀sì fáríábù púpọ̀ ló ṣáájú 18.06. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó ṣáájú yàtọ̀ sí ohun tí ẹni tó ń kọ́ni ń lò lójú pátákó. Iṣẹ́ data ni mo ń ṣe ní Èkó, mo sì ti wo gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 34 tí Gilbert Strang ṣe, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1999, láìmọ̀ ju kákúlọ́ọ̀sì kékeré tí mo kà fún JAMB lọ.

Ẹ wo bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní. Ó kọ ìdọ́gba méjì sójú pátákó: 2x − y = 0, àti −x + 2y = 3. Ọmọ SS1 lè yanjú ìyẹn: x jẹ́ 1, y jẹ́ 2. Ó ya ìlà méjèèjì, wọ́n pàdé ní ojú kan. Lẹ́yìn náà ló wá yí ojú ìwòye padà, tó ní kí a fi ìlà sílẹ̀, kí a wo òpó. Òpó àkọ́kọ́, ti nọ́ńbà tó bá x rìn, ní 2 lókè, −1 nísàlẹ̀; èkejì, ti y, ní −1 lókè, 2 nísàlẹ̀. Ẹ mú ẹyọ kan nínú òpó àkọ́kọ́, ẹ mú méjì nínú òpó kejì, ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ ó ní 0 lókè, 3 nísàlẹ̀. Gbogbo kọ́ọ̀sì náà ló jáde láti inú ìwòye kejì yẹn, kò sì sí kákúlọ́ọ̀sì kankan nínú rẹ̀. Ibi tí mo ti rí kákúlọ́ọ̀sì tó hàn gbangba ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 23, tó dá lórí differential equation (ìdọ́gba tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń yí padà), àti apá Fourier nínú 24. Mo fò wọ́n, mo padà sí wọn lẹ́yìn ọdún kan, kò sì dí mi lọ́wọ́ nínú èyí tó kù.

Nípa 18.02 náà, kò pọn dandan kí àǹtí kọ́ gbogbo rẹ̀. Apá mẹ́rin ni wọ́n pín in sí lórí OpenCourseWare. Apá kejì, tó jẹ́ ti partial derivative (bí iye ṣe ń yí padà tí fáríábù kan ṣoṣo bá sún), àti ìbẹ̀rẹ̀ apá kẹta, níbi tí double integral (integral lórí fáríábù méjì) wà, ni probability ń béèrè. Ìyókù apá kẹta àti gbogbo apá kẹrin wúlò fún ẹni tó ń ṣe físíìsì, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa fi wọ́n ṣe nínú 6.431x. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ìlànà yìí á jèrè oṣù méjì, ó kéré tán.

Ìyá Ìbejì Peckham · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:05 ọ̀sán

Àdùkẹ́ ọmọ mi, mo kí ọ. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ lórí ohun tó máa kọ́, ó sì dára, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ìkẹyìn ni ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn dáadáa. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ mi, ohun tí o sọ nípa ìwé ẹ̀rí lè kó ènìyàn sí wàhálà. OpenCourseWare kì í fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ẹ̀rí. Ohun èlò ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n gbé kalẹ̀, wọn kò mọ̀ ọ́, wọn kò sì dán ọ wò. edX ń fún ẹni tó bá sanwó tó sì yege ní ìwé ẹ̀rí, àmọ́ ìyẹn náà yàtọ̀ sí ìwé èsì tí yunifásítì fi òǹtẹ̀ lù. Ilé ẹ̀kọ́ kan lè gba èyí, kí òmíràn kọ̀ ọ́. Ẹni tó kọ àdéhùn sínú lẹ́tà rẹ nìkan ló mọ èyí tó ń fẹ́. Kọ̀wé sí wọn lónìí, kí o tó wo fídíò kan sí i. Bi wọ́n ní ohun mẹ́ta: irú ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà, bóyá wọ́n ní ìdánwò tiwọn tí wọ́n lè fún ọ ṣe, àti àwọn orí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń retí gan-an. Lẹ́tà ni kí o fi bi wọ́n, má pè wọ́n lórí fóònù, kí ìdáhùn lè wà lọ́wọ́ rẹ.

Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí mo ń gbé, ni mo gbà. Ọdún 1969 ni ìjọba dá a sílẹ̀ níbí fún irú àwa tí a ń ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í béèrè ìwé ẹ̀rí kí wọ́n tó gbà ọ́ sí ìpele àkọ́kọ́. Ìyẹn gan-an ló ṣì mí lọ́nà. Torí pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, mo rò pé yàrá tó bá wù mí ni mo lè wọ̀. Kọ́ọ̀sì MU123 wà fún ẹni tí ìṣirò ti jìnnà sí, MST124 sì wà fún ẹni tí áljẹ́bírà ṣì yá lọ́wọ́. Ìdánwò kékeré wà lórí ìkànnì wọn tí o lè fi mọ èyí tó bá ọ mu. Mo ṣe é, ó fi hàn mí pé MU123 ni, mo kọ etí dídi sí i, nítorí ojú ń tì mí kí ọmọ mi má lọ rí i pé ìdá àti ìpín ọgọ́rùn-ún ni ìyá òun ń kọ́. Mo wọ MST124. Kí ọ̀sẹ̀ karùn-ún tó pé, mo ti ń sunkún nínú bọ́ọ̀sì tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo padà sí MU123, mo gbádùn rẹ̀, nígbà tí mo sì tún wọ MST124, ẹsẹ̀ mi ti balẹ̀. Kákúlọ́ọ̀sì, fẹ́kítọ̀ àti mátíríìsì ló wà nínú MST124 yìí, MST125 ló sì tẹ̀ lé e.

Kì í ṣe ọjọ́ gbogbo ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì o, kò sì dájú pé gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ṣí fún ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Béèrè kí o tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òṣogbo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:30 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ kan ṣe nípa NOUN, níbi tí mo ti ń kọ́ ìṣirò lọ́wọ́. NOUN kì í fi máàkì JAMB mú akẹ́kọ̀ọ́. Kírédíìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè, tó gbọ́dọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò nínú, tí ènìyàn kò sì gbọ́dọ̀ fi ju ìjókòó méjì lọ gbà. Ọdún 1983 ni wọ́n kọ́kọ́ dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ìjọba ológun tì í ní 1984, wọ́n sì tún ṣí i ní 2002, nítorí náà kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ àná.

Síbẹ̀, n kò ní gba Àǹtí Àdùkẹ́ níyànjú láti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí kọ́ọ̀sì mẹ́ta péré, nítorí oyè lódindi ni ènìyàn ń wọ̀ fún, oṣù mẹ́sàn-án kò sì ní tó kó fi rí ìwé èsì tó ń wá. Ohun tí mo fẹ́ kó mú níbẹ̀ ni àwọn ìwé ẹ̀kọ́ wa. NOUN gbé ìwé kọ́ọ̀sì sórí ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni lè gbà á sílẹ̀. MTH 101 àti MTH 102 ni kó kọ́kọ́ wá. Àlàyé inú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹni tó jáde WAEC dúró sí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń lò ni èyí tí olùkọ́ wa ń lò ní sẹ́kọ́ńdìrì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:48 alẹ́

Mo gba àtúnṣe lórí JAMB àti lórí ìwé ẹ̀rí. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, mà. Ìwé ẹ̀rí tèmi, ibi iṣẹ́ ni mo fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe yunifásítì, n kò sì ronú pé ó yàtọ̀.

Délé Houston · Ọjọ́rú, 4:15 àárọ̀

Mo wà lára àwọn tí wọ́n fún ní irú lẹ́tà yìí nígbà tí mo fẹ́ ṣe másítàsì nínú statistics níbí. Kákúlọ́ọ̀sì kẹta, tí í ṣe ti fáríábù púpọ̀, ni wọ́n ní kò sí nínú ìwé èsì mi láti Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ mo ti kọ́ ọ, ó kàn jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni wọ́n fi pè é nílé. Mo bá wọn jiyàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn kò gbà. Ó wá di dandan kí n tún un ṣe lórí ayélujára ní yunifásítì tó ń fún ènìyàn ní kírédíìtì.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà. NetMath ti University of Illinois jẹ́ ọ̀kan tí àwọn ènìyàn mọ̀ dáadáa, yunifásítì mìíràn náà sì ń ṣe é. Ẹ̀kọ́ náà ń lọ bí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe yá tó, wọ́n ń ṣọ́ ènìyàn nígbà ìdánwò, ìwé èsì tó ń jáde sì jẹ́ ti yunifásítì gidi. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í mọ̀ ni pé kọ́ọ̀sì tí ẹ fẹ́ fi dí àlàfo náà ní ẹ̀kọ́ aṣáájú tirẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí n wọ kákúlọ́ọ̀sì kẹta láìjẹ́ pé mo fi èsì kákúlọ́ọ̀sì kejì hàn. Owó rẹ̀ náà wúwo, nítorí iye kírédíìtì ni wọ́n fi ń ka owó. Ẹ má ṣe sanwó fún un láìjẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ yín ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí àwọn ń fẹ́ nìyẹn.

Ìmọ̀ràn kan tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání: kọ́ọ̀sì yòówù kí ẹ ṣe, ẹ tọ́jú ìwé ìlapa ẹ̀kọ́ rẹ̀, èyí tó to àwọn orí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Ká ní mo ti tọ́jú ti kọ́ọ̀sì mi láti ilé ni, bóyá n kì bá tí sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn · Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, 9:02 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo kọ̀wé bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, wọ́n sì fèsì ní ọjọ́ kẹrin. Wọ́n ní ìwé ẹ̀rí kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ nìkan kò tó, ṣùgbọ́n bí n kò bá ní ìwé èsì yunifásítì, àwọn ní ìdánwò wákàtí méjì tí mo lè jókòó ṣe lórí ayélujára, tí ẹnìkan á máa ṣọ́ mi láti ojú kámẹ́rà. Wọ́n fi ìlapa rẹ̀ ránṣẹ́. Kò sí ohun tí Àrẹ̀mú ní kí n fò tó wà nínú rẹ̀, àfi Fourier nìkan tí wọ́n dárúkọ gẹ́gẹ́ bí àfikún.

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ìdáhùn mi nìyí, mi ò fi ọwọ́ bò ó. Èkíní, mo kọ x ní agbára 3/2. Mo mọ̀ báyìí pé 7/2 ni, mo sọ agbára méjèèjì di púpọ̀ dípò kí n rò wọ́n pọ̀. Èkejì, x + 3, x kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 3. Ẹ̀kẹta, mo ní x jẹ́ 4 tàbí −2.

Olùkọ́ Abẹ́òkúta · Ọjọ́ Ajé náà, 10:11 alẹ́

O káre. Àṣìṣe ẹ̀kẹta yẹn ni mo ń wá, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ìbéèrè náà sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ tọ̀nà: lọ́gàrítíìmù méjèèjì para pọ̀ di log₂ ti x(x − 2), ìyẹn sì jẹ́ 3, nítorí náà x(x − 2) jẹ́ 8, ìdọ́gba náà sì fún ọ ní 4 àti −2. Wàyí o, mú −2 padà lọ síbi tó ti wá. Log₂ ti −2 kò sí. 4 nìkan ni ìdáhùn. Áljẹ́bírà náà kò já ọ kulẹ̀, o kàn gbàgbé láti béèrè bóyá ìdáhùn rẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ inú ìbéèrè náà. Nínú probability, níbi tí iye kan ti ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo tó sì ń parí sí 1, àìbéèrè yẹn ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ.

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ Àrẹ̀mú, mo sì gbà pé ó tọ̀nà ju èmi lọ níbi 18.06. Ohun kan péré ni mo fi kún un. Mátíríìsì (àkójọ nọ́ńbà tí a tò ní òpó) tó mú wá yẹn, tí òpó rẹ̀ kan ní 2 lókè àti −1 nísàlẹ̀, tí èkejì ní −1 lókè àti 2 nísàlẹ̀, á tún padà wá nígbà tí o bá dé orí eigenvalue (àwọn iye àkànṣe tó bá mátíríìsì kan rìn, tí a ń fi λ pè), ohun tí wọ́n á sì ní kí o yanjú ni λ² − 4λ + 3 = 0, tó fún wa ní 1 àti 3. Ẹni tí ìdọ́gba onílọ́po méjì kò yá lọ́wọ́ á há síbẹ̀, kódà bí kò bá sí kákúlọ́ọ̀sì nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà áljẹ́bírà kò ṣeé yọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ṣe 18.01 láti Ajé sí Ọjọ́bọ̀, kí o fi Àbámẹ́ta ṣe 18.06, kí àwọn méjèèjì máa lọ pọ̀.

Sùúrù Ìlọrin · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:40 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ dátà àti iná ni tèmi. Àǹtí, ẹ má ṣe wo fídíò OpenCourseWare ní tààrà lórí ayélujára lójoojúmọ́. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ láti gba fídíò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ sì tún lè gba àwọn ìwé kọ́ọ̀sì kan lódindi sínú kọ̀ǹpútà. Dátà òru ni mo fi gba gbogbo 18.01 sílẹ̀. Ìwé ìbéèrè, ìdáhùn àti ìdánwò wọn kò tóbi rárá. Ẹ lọ tẹ̀ wọ́n sórí ìwé ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì, kí iná tó bá lọ má baà dá yín dúró. Ìbéèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo fídíò. Bí ẹ bá lè dáhùn mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ẹ fo fídíò náà, ẹ tẹ̀ síwájú.

Olùkọ́ Abẹ́òkúta · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:05 àárọ̀

Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kí ó wo méjì tó kù náà fínnífínní kó tó fò ó.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn · Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àìkú, 5:26 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti parí orí mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú márùn-ún tí 18.01 ní, mo sì ti dé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 16 nínú 18.06. Lánàá, mo padà ṣí orí karùn-ún kọ́ọ̀sì probability náà, mo fún ara mi ní ìbéèrè kan: bí density iye kan (ìwọ̀n bí ìṣeéṣe ṣe pọ̀ tó ní ojú kọ̀ọ̀kan) bá jẹ́ 2x láàárín òdo àti 1, kí ni ìṣeéṣe pé iye náà kò ní ju ìdajì lọ? Mo ṣe integral rẹ̀, ó di x², mo fi ìdajì sí i, ó fún mi ní ìdá kan nínú mẹ́rin. N kò gba ara mi gbọ́, mo bá ya àwòrán rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé gbèsè kan. Onígun mẹ́ta ni, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdajì, gíga rẹ̀ jẹ́ 1, ààyè inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Fídíò tí mo wò lẹ́ẹ̀mẹrin nígbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni mo wò ó lánàá.

Double integral ló kù tí n kò tíì fọwọ́ kàn. Àrẹ̀mú, ẹ jọ̀wọ́, nínú apá kẹta 18.02 tí ẹ sọ, ibo gan-an ni kí n dúró sí?

Àrẹ̀mú Èkó · Ọjọ́ Àìkú, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú oríire, àǹtí. Ẹ dúró síbi tí wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń pààrọ̀ fáríábù nínú double integral. Nígbà tí ẹ bá rí line integral, ẹ pa ìwé náà dé.